Síìlì kẹta kọ́ ni ẹsẹ̀ iwájú tírákítọ̀ yín ń bèèrè

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Tírákítọ̀ tèmi, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń fà á. Gíríìsì ń jáde lẹ́yìn họ́ọ̀bù ẹsẹ̀ iwájú ọwọ́ òsì, ó ń ta sára ríìmù. Mẹkáníìkì ti pààrọ̀ síìlì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́rin, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kò sì lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Àràárọ̀ ni mo ń fún un ní gíríìsì títí yóò fi kún kí n tó wọ oko. Tí mo bá ń sáré lójú ọ̀nà, mo ń gbọ́ ohùn kan tó ń kùn níbẹ̀. Ṣé síìlì ojúlówó ni kí n wá, àbí kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ sì kú ìnáwó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra síìlì kẹta, ìyẹn òrùka olétè rọ́bà tó ń dá gíríìsì dúró nínú họ́ọ̀bù. Bí ẹ tilẹ̀ ra èyí tó dára jù lọ, ohun tó pa méjì àkọ́kọ́ ṣì wà nínú họ́ọ̀bù yẹn, yóò sì pa ẹ̀kẹta. Ẹ ti fi ẹnu ara yín dárúkọ rẹ̀ nínú ìbéèrè yín: ohùn tó ń kùn. Síìlì kì í kùn. Bíárìn ló ń kùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí nǹkan ṣe tò síbẹ̀. Irin kan yọ láti ara ásùlù, àwa mẹkáníìkì ń pè é ní sítọ́bù. Kì í yí, ó dúró gbọin. Họ́ọ̀bù tí wọ́n de ríìmù mọ́ ló ń yí lórí rẹ̀. Bíárìn méjì ló wà láàárín wọn, ńlá lápá inú, kékeré lápá ìta. Àwọn ọmọ bíárìn náà rí bí àgbá kéékèèké tí ìdí kan tóbi ju èkejì lọ, nọ́ọ̀tì tó wà lórí sítọ́bù ló sì ń pinnu bí gbogbo wọn ṣe fún mọ́ra tó. Ẹ̀yìn bíárìn ńlá ni síìlì jókòó sí: ara rẹ̀ há mọ́ họ́ọ̀bù, ètè rọ́bà rẹ̀ ń fẹnu kan sítọ́bù. Ibi tí ètè yẹn ti kan irin kò ju bí òwú ṣe fẹ̀ lọ.

Nígbà tí bíárìn bá ti jẹ, họ́ọ̀bù kì í yí gún mọ́, ó ń mì. Ètè síìlì lè fara da ìmì kékeré, ṣùgbọ́n bó bá ti pọ̀, apá kan ètè á tẹ̀ pa, apá kejì á yà kúrò lára irin. Ibẹ̀ ni gíríìsì ń gbà jáde, ibẹ̀ náà ni eruku ń gbà wọlé. Èyí tó wọlé ló burú jù, torí pé eruku tó bá pò mọ́ gíríìsì ti di ohun ìpọ́nrin. Yóò máa pọ́n bíárìn, yóò sì máa pọ́n sítọ́bù lábẹ́ ètè síìlì, títí ọ̀kan á fi máa ba èkejì jẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wá yọ síìlì nìkan, tó fi òmíràn sí i, ó kàn ti ilẹ̀kùn ni, olè ṣì wà nínú ilé.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ yẹ ẹsẹ̀ náà wò. Ilẹ̀ tó le, tó sì tẹ́jú ni kí ẹ gbé tírákítọ̀ sí. Ẹ fa bíréèkì, ẹ fi igi tó nípọn dí táyà ẹ̀yìn méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé: ásùlù iwájú so rọ̀ mọ́ pínnì kan ṣoṣo ní àárín, ó sì ń mì sọ́tùn-ún sósì lórí rẹ̀. Bí ẹ bá fi jáàkì gbé apá kan, ara tírákítọ̀ lè fì sí apá kejì lójijì. Ẹ ki igi sáàárín ásùlù àti férémù lápá méjèèjì kó má lè fì. Lẹ́yìn tí ó bá ti gbéra nílẹ̀, ẹ gbé e lé ìdúró irin tó lágbára. Jáàkì nìkan kọ́ ni ẹ máa fi ẹ̀mí yín lé lọ́wọ́ o. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ rọ omi sínú táyà iwájú láti fi kún ìwúwo rẹ̀, ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ dá a yọ.

Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ máa tì í, ẹ máa fà á. Kí ẹnì kejì tẹjú mọ́ ẹ̀yìn họ́ọ̀bù. Bó bá jẹ́ họ́ọ̀bù ló ń mì lórí sítọ́bù, bíárìn ni. Bí sítọ́bù fúnra rẹ̀ bá ń bá a mì, búùṣì kíńpìn ló ti jẹ (kíńpìn ni irin tí ẹsẹ̀ iwájú fi ń yà sọ́tùn-ún sósì, búùṣì ni ìbọ̀ tó yí i ká), ìyẹn sì jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Mo ti rí ẹni tó ra bíárìn tuntun ní ìhà méjèèjì nítorí ìmì kíńpìn, owó lọ, ìmì kò lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ọwọ́ kan yí táyà, kí ẹ gbé ọwọ́ kejì lé ara ásùlù nítòsí họ́ọ̀bù. Bíárìn tó ti bàjẹ́, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n kí etí tó gbọ́ ọ. Ó máa ń ṣe bí ìgbà tí iyanrìn bá wà láàárín eyín.

Títú rẹ̀ kò le. Ọmọrí á kọ́kọ́ kúrò, lẹ́yìn náà pínnì tó ń dá nọ́ọ̀tì dúró, nọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ àti wọ́ṣà. Bí ẹ bá ń fa họ́ọ̀bù bọ̀, ẹ gbọ́wọ́ síwájú rẹ̀, torí bíárìn kékeré ló máa kọ́kọ́ já bọ́. Kí ẹ tó fọ ohunkóhun, ẹ wo gíríìsì inú rẹ̀ dáadáa, torí tí ẹ bá ti fọ ọ́, ẹ̀rí ti lọ. Gíríìsì tó funfun bíi wàrà, omi ti wọ ibẹ̀. Èyí tó dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, ibẹ̀ ti gbóná kọjá ààlà. Èyí tó ń dán wínníwínní bí ẹ bá fi ìka pa á lójú oòrùn, irin ló ń jẹ irin.

Dísù tàbí kẹrosíìnì ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ má lo pẹtiróòlù, nítorí iná. Ẹ má sì fi afẹ́fẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ yí bíárìn gbígbẹ kó máa han bí fèrè. Mo mọ̀ pé ó máa ń dùn mọ́ àwọn ọmọṣẹ́, ṣùgbọ́n bíárìn tí kò ní òróró, tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀, lè tú ká, kí ọmọ rẹ̀ kan sì fò lu èèyàn lójú.

Nígbà tí ó bá ti mọ́, ẹ ka ara rẹ̀. Bí ojú ọmọ bíárìn tàbí òrùka ìta (èyí tó há sínú họ́ọ̀bù; òrùka inú ló wọ sítọ́bù) bá ti ń bó, tó ní ihò wẹ́wẹ́, ọjọ́ orí tàbí ẹrù tó wúwo jù ló fà á. Ilà dúdú tàbí pupa tó jìnnà síra bí àwọn ọmọ bíárìn ṣe jìnnà síra, omi ló jókòó sínú rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ wà lójú kan fún ìgbà pípẹ́. Àwọ̀ búlúù, ooru ni: yálà gíríìsì kò sí, tàbí wọ́n fún nọ́ọ̀tì jù. Bí gbogbo ojú rẹ̀ bá kàn ṣókùnkùn, tí kò dán mọ́, tó dà bí ohun tí wọ́n fi sáńpépà ha, eruku ni. Bí mo ṣe gbọ́ ìtàn yín, èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni mo ń retí. Èyíkéyìí tí ẹ bá rí nínú wọn, ẹ má gbé bíárìn náà padà. Ìbàjẹ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ lójú bíárìn kì í dúró.

Ẹ wo inú họ́ọ̀bù pẹ̀lú. Òrùka ìta bíárìn gbọ́dọ̀ há pinpin síbẹ̀. Bó bá ti ń yí nínú ilé rẹ̀, ilé náà á máa dán, á sì ti gbòòrò. Àwọn kan máa ń fi pọ́ńṣì lu ara ilé yẹn jágajàga kí òrùka lè há. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Orí ṣóńṣó irin wẹ́wẹ́ ni òrùka máa jókòó lé, kò ní gún, kò sì ní pẹ́ tú. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìgbẹ́rin ni kí ẹ gbé e lọ bá kó fi irin wọ̀ ọ́, tàbí kí ẹ pààrọ̀ họ́ọ̀bù. Ti òrùka inú yàtọ̀: ó máa ń rọrùn wọ sítọ́bù, ó sì lè ti rìn díẹ̀ lórí rẹ̀. Bí sítọ́bù kò bá ti jẹ wọnú, ìyẹn kò léwu. Ẹ fi gíríìsì fẹ́ẹ́rẹ́ pa ibẹ̀ kó má dípẹtà.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù rèé: ojú sítọ́bù gan-an níbi tí ètè síìlì ń jókòó sí. Ẹ nù ún kó mọ́ tónítóní, kí ẹ wá fi èékánná wọ́ ọ láti iwájú lọ sẹ́yìn. Bí èékánná bá kọ́ nǹkan, síìlì ti gbẹ́ ilà sí i. Inú ilà yẹn ni síìlì tuntun ń lọ jókòó sí, kì í sì í bá a mu. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé ohun tó jẹ́ kí síìlì yín ẹlẹ́ẹ̀kejì kú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn: bíárìn ń mì í lókè, ilà ń jẹ ẹ́ lẹ́nu nísàlẹ̀.

Ní àwọn tírákítọ̀ kan, ojú yẹn kì í ṣe ara sítọ́bù fúnra rẹ̀. Òrùka irin kan ni wọ́n fi wọ̀ ọ́, ó sì ṣeé pààrọ̀. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó sọ pé sítọ́bù ti bàjẹ́. Níbi tí kò bá ti sí òrùka, ẹ̀wù irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń tà, tí wọ́n ń fi òòlù rọra gbá wọ orí ibi tó jẹ. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí síìlì tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì máa bá a mu. Ọ̀nà kẹta ni kí ẹ má gbá síìlì dé ibi tí ti tẹ́lẹ̀ dé, tàbí kí ẹ jẹ́ kó wọlé jù ú lọ díẹ̀, ní ìwọ̀n mílímítà kan sí méjì, kí ètè rẹ̀ lè bọ́ sórí irin tí kò tíì jẹ. Ìyẹn dá lórí bóyá ààyè wà, kò sì gbọ́dọ̀ kan bíárìn. Bó bá jẹ́ ìpẹtà fẹ́ẹ́rẹ́ lásán ló wà níbẹ̀, sáńpépà tó kúnná díẹ̀ ti tó, ṣùgbọ́n ẹ máa pa á yí sítọ́bù ká. Bí ẹ bá pa á lọ pa á bọ̀ ní gígùn, ẹ ti la ọ̀nà fún gíríìsì láti jáde nìyẹn.

Lórí ríra nǹkan tuntun, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n, ẹ ka nọ́ńbà. Wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sára bíárìn. Fún àpẹẹrẹ, bíárìn 30206: nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn, ẹ fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 30, ìyẹn ni pé ihò inú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 30, ìbú ìta rẹ̀ sì jẹ́ 62. Àwọn bíárìn oníwọ̀n íńṣì kì í tẹ̀lé ìlànà yìí, òrùka inú àti òrùka ìta wọn sì ní nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: LM67048 ni òrùka inú, LM67010 ni òrùka ìta tó bá a lọ. Nítorí náà ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Ti síìlì rọrùn jù. Bí ẹ bá rí 45 × 62 × 8 lára rẹ̀, sítọ́bù jẹ́ mílímítà 45, ilé inú họ́ọ̀bù jẹ́ 62, síìlì nípọn tó 8. Bíárìn méjèèjì ni kí ẹ pààrọ̀, pẹ̀lú òrùka ìta wọn. Ẹ má fi ọmọ tuntun sínú òrùka àtijọ́.

Láti yọ òrùka àtijọ́, ẹ fi ọ̀pá idẹ gbá a láti ẹ̀yìn, kí ẹ máa gbá a lọ́tùn-ún, lósì, kó má dojú kodò. Fún títẹ òrùka tuntun wọlé, èyí tí ẹ yọ ni kí ẹ gbé lé e lórí kí òòlù má kan tuntun, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ ìta rẹ̀ kó fi tín-ín-rín díẹ̀, kó má bàa há mọ́ inú. Bí ẹ bá ní fíríìsà, ẹ gbé òrùka tuntun sínú rẹ̀ mọ́jú. Ó máa ń sún kì díẹ̀, ó sì máa ń wọlé tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn. Ẹ tẹ́tí sí òòlù. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì dé ìdí, ohùn rẹ̀ á máa ṣòfo. Nígbà tó bá dé ìdí, ohùn á yí padà, á le. Òrùka tí kò bá dé ìdí máa wọlé fúnra rẹ̀ lójú iṣẹ́, gbogbo bí ẹ ṣe ti fún nọ́ọ̀tì á wá tú.

Gíríìsì kọ́ ni ohun tí wọ́n ń pa lára bíárìn bí ìpara. Ẹ bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ mú bíárìn, kí ẹ máa fi ìdí rẹ̀ tó tóbi gbo àtẹ́lẹwọ́ yẹn títí gíríìsì á fi yọ lókè láàárín àwọn ọmọ. Ẹ yí i díẹ̀, ẹ tún ṣe é, títí ẹ ó fi yí i ká. Lẹ́yìn náà, ààyè tó wà láàárín bíárìn méjèèjì nínú họ́ọ̀bù, ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan sí ìdajì ni kí ẹ fi gíríìsì sí. Bó bá kún fọ́fọ́, yóò máa pò ó, yóò sì gbóná. Gíríìsì onílítíọ́mù nọ́ńbà 2 ni ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀rọ ń dárúkọ. Ẹ má da oríṣi méjì pọ̀: àwọn kan wà tí wọ́n bá pàdé, ṣe ni wọ́n á yọ́ bí ọbẹ̀, wọ́n á sì ṣàn jáde lára síìlì tó dára pàápàá. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ fọ gbogbo ti àtijọ́ kúrò.

Ó wá kan síìlì. Kí ẹ tó sọ èyí àtijọ́ nù, ibo ni ètè rẹ̀ dojú kọ? Ní ọ̀pọ̀ ibi, ètè tí sípíríǹgì wà lẹ́yìn rẹ̀ máa ń kọjú sí ohun tí a fẹ́ dá dúró, ìyẹn gíríìsì. Ṣùgbọ́n àwọn họ́ọ̀bù tó ní nípù tí a ń gbà fún gíríìsì, òmíràn nínú wọn ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ ètè rẹ̀ síta, kí gíríìsì àtijọ́ lè rí ọ̀nà jáde, kí ẹrẹ̀ má sì rí ọ̀nà wọlé. Ìwé tírákítọ̀ yín ni yóò ṣèdájọ́, torí ẹni tó fi síìlì kejì sí i lè ti kọ ọ́ sódì. Ẹ gbé pákó tó tẹ́jú lé e lórí, ẹ máa gbá a yíká kó wọlé lọ́gbọọgba. Ẹ fi gíríìsì pa ètè rẹ̀, torí síìlì tó bá gbẹ máa jó ètè rẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ fi téèpù we ibi tí nọ́ọ̀tì ń wé mọ́ lórí sítọ́bù kó má bàa gé ètè síìlì nígbà tí ẹ bá ń ti họ́ọ̀bù wọlé.

Nọ́ọ̀tì ni èèyàn ti máa ń ba gbogbo iṣẹ́ yìí jẹ́. Bí ẹ ṣe ń fún un ni kí ẹ máa yí họ́ọ̀bù, kí àwọn ọmọ bíárìn lè jókòó sáyè wọn. Nígbà tí ó bá ti le láti yí, ẹ tú u padà ní ìdá mẹ́fà yíyípo kan, ìyẹn apá kan nínú apá mẹ́fà orí nọ́ọ̀tì, tí ìwé ẹ̀rọ kò bá sọ ohun mìíràn. Bí ihò pínnì kò bá ṣe rẹ́gí, ẹ tú u díẹ̀ sí i. Ẹ má fún un láti fi bá ihò. Họ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ yí fàlàlà, kí ẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè mọ ìmì rẹ̀, bíi ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá mílímítà. Pínnì tuntun ni kí ẹ lò.

Lẹ́yìn wákàtí kan lẹ́nu iṣẹ́, ẹ dúró, ẹ gbé ọwọ́ lé họ́ọ̀bù. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú. Bí ọwọ́ kò bá lè dúró lórí rẹ̀, ẹ ti fún un jù. Lẹ́yìn bíi wákàtí mẹ́wàá, ẹ tún gbé e sókè, ẹ mì í wò, kí ẹ sì fún bóòtù ríìmù.

Gíríìsì àràárọ̀ yẹn ńkọ́? Ọkàn rere ni ẹ fi ń ṣe é, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù gíríìsì ní agbára tó lè ti síìlì kúrò nílé rẹ̀, pàápàá èyí tó kọ ètè sínú. Àwọn kíńpìn ni ẹ lè máa fún léraléra. Ti họ́ọ̀bù, ẹ tẹ̀lé iye wákàtí tí ìwé ẹ̀rọ kọ, kí ẹ pọ́ǹpù díẹ̀, kí ẹ dúró. Bí ẹ bá sì ń fọ tírákítọ̀, ẹ má kọ ojú omi alágbára sí ẹ̀yìn họ́ọ̀bù.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún àwọn tí tírákítọ̀ wọn ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà: ẹ má gbé ìlànà nọ́ọ̀tì mi lọ síbẹ̀. Ọ́ìlì gíà ló wà nínú họ́ọ̀bù yẹn, kì í ṣe gíríìsì, bíárìn inú rẹ̀ sì máa ń fún mọ́ra ni, wọn kì í fi ìmì kankan sílẹ̀ fún un. Ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ. Bí ọ́ìlì bá ń jò níbẹ̀, ihò tí ásùlù fi ń mí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ẹrẹ̀ bá dí i, ooru iṣẹ́ á mú kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wú, á sì ti ọ́ìlì gba ara síìlì tí kò ṣe nǹkan kan jáde.

Ní tiyín, nígbà tí tírákítọ̀ bá ṣì wà lókè, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún náà, ẹ mì í, kí ẹ yí i pẹ̀lú ọwọ́ lára ásùlù. Ilẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń tẹ̀, pọ́ǹpù gíríìsì kan náà ló sì ń fún wọn. Bó bá ń kùn díẹ̀, ẹ ra bíárìn tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ti òsì kí ẹ tó kó irinṣẹ́ nílẹ̀.